Kọ́nẹ́lì Tó Fọwọ́ sí Ìdánwò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣe

Agbéraga paraku ni Evelio Zaracho. Ó mọ àṣẹ í pa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ́nẹ́lì ni nínú Ẹ̀ka Kẹsàn-án, àwọn ológun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ológun kí ọ̀tá má bàa gba orí ayélujára wọlé. Òun ló ń yan ẹ̀rọ tí wọ́n máa rà, bí àwọn tó ń lò ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́.

Òfin ẹ̀ka náà kò le. Ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá fẹ́ rà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni yóò lò nínú yàrá ìdánwò, kí àwọn ọmọ ẹ̀ka fi gbogbo ọgbọ́n olè tí wọ́n mọ̀ gbéjà kò ó. Bó bá dúró, Kọ́nẹ́lì a fọwọ́ síwèé.

Lọ́dún náà, Ọjọ́ Àwọn Ológun ku ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí oníṣòwò kan, Fulgencio Brítez, gbé ẹ̀rọ aṣọ́bodè kan dé. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ogun tó ń lé onífàyàwọ́ ní ààlà àríwá ni ẹ̀rọ náà máa ṣọ́, ìwé tí wọ́n kọ ilé tí ìyá àti ìyàwó wọn ń gbé sí. Kọ́nẹ́lì fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí han mínísítà lọ́jọ́ náà, nítorí oyè jẹ́nẹ́rà ló ń lé.

Brítez fúnra rẹ̀ ló gbéjà ko ẹ̀rọ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ìgbà mẹ́wàá ló gbìyànjú, ìgbà mẹ́wàá ni ẹ̀rọ mú un. Kọ́nẹ́lì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó yí ká lábẹ́ igi máńgòrò, Kọ́nẹ́lì ń bu omi tútù sórí ewé tereré nínú ife ìwo, ó ń gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Ninfa Ovelar, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ìdánwò, ti sọ tẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Olè tó fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tó ń bọ̀, ta ni kò ní mú un? Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa dán an wò."

"Ọjọ́ tí ìwọ náà bá ṣe ẹ̀rọ tìrẹ, a máa rà á," ni Kọ́nẹ́lì wí, Brítez sì bú sẹ́rìn-ín. "Kó tó dìgbà yẹn, mu tereré ẹ."

Ninfa dá ife náà padà láìfẹnu kàn án. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ló wí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dúpẹ́ lórí tereré ti ní kí wọ́n má gbé e fún òun mọ́ nìyẹn.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Kọ́nẹ́lì ní kí Ninfa lọ máa ṣọ́ àká epo kan nínú aginjù Chaco, níbi tí kò sí kọ̀ǹpútà kankan. Ó wá mú ìwé ìdánwò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ẹ̀rọ kò jákulẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Irọ́ gbuu! Mínísítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, alákọrí sì gbé àyà síwájú lọ sílé.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yìí fi sínú gbogbo èyí tí Brítez ń tà kiri. Inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti máa ń yí irú rẹ̀ padà, ẹ̀rọ náà kò sì débẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí àwọn onífàyàwọ́ rí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì da gbogbo orúkọ náà kọ.

Ilé mẹ́rin ni wọ́n sun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkẹta wà ní ìlú Concepción, ilé Ìyá Eulalia tó bí Kọ́nẹ́lì lọ́mọ. Àbúrò Kọ́nẹ́lì ọkùnrin wà lára àwọn ọmọ ogun ààlà, òun ló kọ ilé ìyá wọn sínú ìwé. Ìyá náà kò kú, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ méjèèjì jóná.

Wọ́n pe Ninfa wá láti Chaco kó wá jẹ́rìí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé hàn wọ́n, ó fi ọjọ́ tí Kọ́nẹ́lì fọwọ́ síwèé hàn wọ́n, ó sì jókòó. Wọ́n já oyè kúrò léjìká Zaracho, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ wá wò ó, pẹ̀lú báńdéèjì lápá. Zaracho bu omi sí tereré, ó gbé ife náà sún mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé ilé wọn wà nínú ìwé yẹn.

"Ká ní o mọ̀, ṣé o ò bá dán ẹ̀rọ náà wò?"

Ó ní òun ìbá dán an wò.

"Ilé ìyá àwọn yòókù ńkọ́, Evelio?"

Ìyá náà yí ojú kúrò lára ife. "O ṣeun," ló wí, ó sì dìde, ó lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ fi ti Zaracho kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tí ẹ kò bá ṣe, ẹ má fọwọ́ sí i pé ẹ ṣe é, ẹ má sì lé ẹni tó ń sọ òótọ́ fún yín jìnnà, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá ń wá a, ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ni yóò bá dé. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Kí ẹ sì máa ṣọ́ ilé ìyá ẹlòmíràn bí ẹni pé ìyá tiyín ló ń sùn níbẹ̀.