Ta Ló Ni Fọ́tò Yẹn Gan-an?

Wọ́n tún ti yọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ kúrò lórí búlọ́ọ̀gù mi!

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ṣé mo purọ́ ni? Mo ní kí ẹ sá fún ìpara tí wọ́n ń pò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, torí ó ń bó èèyàn lójú.

Mo fi fọ́tò obìnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti bó sí i, mo fi nǹkan dúdú bo ẹyinjú rẹ̀ kí wọ́n má baà dá a mọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò sọ pé irọ́ ni o. Wọ́n kàn kọ̀wé sí àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀gù mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ló ni fọ́tò náà, pé ṣe ni mo jí i.

Wọn ò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan kí wọ́n tó yọ ọ́!

Inú ń bí mi, mo gbéra láti Ìgándò, ó di ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ọ̀gá wọn ń rọ ìpara sínú ike. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí ẹlẹ́hàá, kí ló kan ẹ̀yin tí ẹ ń bojú nínú ọ̀rọ̀ ìpara? Ẹni tó bá ni fọ́tò, kó wá gbà á jàre!"

Mo ká ìbòjú mi sókè.

"Èmi ni mo ni ín. Ọjọ́ tí ìpara yín bó mi lójú ni mo di ẹlẹ́hàá."