Ohun Tó Dí Ọ̀nà Òróòro

Kí dókítà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ tán, ẹbí Mudaṣírù ti ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà.

“Májèlé wo ni Khairiyyah fún ọkọ ẹ̀ jẹ, tí ojú àti ìtọ̀ ẹ̀ fi pọ́n bí epo?” Ẹ̀gbọ́n Mudaṣírù obìnrin ló jágbe bẹ́ẹ̀.

Dókítà le ojú koko. “Kò sí májèlé, mà. Jẹjẹrẹ ló dí ọ̀nà òróòro wọn, tí ojú wọn fi pọ́n, tí ara sì ń yún wọn. Mo gba ẹnu wọn ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, òróòro náà ti ń ṣàn. Rọ́bà ò lè wo jẹjẹrẹ o, àmọ́ ara ò ní yún wọn mọ́. Bí wọ́n ṣe lajú, ìyàwó wọn ni wọ́n ń bèèrè.”

Obìnrin náà fa dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Àárọ̀ yìí la fi pàṣán lé e jáde nílé, tòyúntòyún, tí gbogbo Ìdúmàgbò ń wò ó. Ẹ dákun, dókítà, ẹ bá wa sọ fún ọkọ ẹ̀ pé májèlé ni.”