Ẹyin Méjìlá Nínú Àpótí Káfíńtà

Káfíńtà wọlé pẹ̀lú gílóòbù tuntun lọ́wọ́, ó bá ìdérí àpótí náà ní ṣíṣí.

Ogún ọjọ́ ló ti ń ṣọ́ ọ bí ojú. Òun ló fi pákó kàn án, tó fi gílóòbù iná tó ń mú ooru wá àti abọ́ omi sí i, kí ẹyin méjìlá lè pa láìsí adìyẹ tó máa sàba lórí wọn. Torí ìyàwó rẹ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ ayé obìnrin náà ló fi sin adìyẹ, kí àìsàn ìgbàgbé tó mú un. Ní báyìí, kò dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. "Ọ̀gá" ló ń pè é, bí ẹni ń kí àlejò. Káfíńtà rò pé bóyá igbe òròmọdìyẹ á pe ọkàn rẹ̀ wálé. Láàárọ̀ yìí gan-an ló gbọ́ tí wọ́n ń ké nínú èèpo.

Àpótí ti ṣófo.

"Ta ló kó ẹyin ibí?"

Ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìdáná jáde, ó gbé àwo ẹyin tó gbóná lọ́wọ́.

"Èmi ni. Mo ti sè wọ́n. Ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀, olówó orí mi."

Oṣù mẹ́jọ rèé tí Káfíńtà ti gbọ́ "olówó orí mi" gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé gílóòbù náà sílẹ̀. Obìnrin náà fà á jókòó, ó mú ẹyin kan, ó rọra gbá a mọ́ etí àwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo rẹ̀ fún un.