Ẹni Tó Kù Díẹ̀ Kó Gboyè

Bí oṣù kẹta bá ti wọlé ní ìlú San Rafael, Tíṣà Eufemia Sumagaysay kì í gba gbẹ̀rẹ́ mọ́. Òun ló ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣòwò sọ́nà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: kọ́ọ̀sì wo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e, kí ló kù kí èèyàn tó jáde. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń kọjá ti kọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá kù díẹ̀ kó gboyè ò gbọdọ̀ gun alùpùpù, kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ìyá kan nílùú náà tí kò mọ̀ pé ewu a máa tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, bó ṣe ń tẹ̀ lé ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ wọn kì í ṣe é lójú Dindo, tíṣà tó jókòó sí tábìlì kejì nínú ọ́fíìsì náà. Dindo rántí Rodel. Tíṣà Eufemia ló bá Rodel to gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ títí ó fi parí. Nígbà tí ayẹyẹ ìgboyè ku ọ̀sẹ̀ kan, Rodel gun alùpùpù lọ ra bàtà. Bàtà náà ni wọ́n wọ̀ fún un sin ín.

Lọ́dún yìí, Analiza ló ń kó Tíṣà lọ́kàn sókè. Ọmọ opó kan tó ń sá ẹja ní erékùṣù Talisayon ni. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní ọdún kejì, kò sì sí bó ṣe lè wọ kíláàsì tó kàn láìjẹ pé ó yege nínú ìyẹn. Tíṣà jókòó tì í, wọ́n jọ tún ètò náà tò, wọ́n gbé èyí síwájú, wọ́n fa ìyẹn sẹ́yìn, títí iṣẹ́ kíkọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn odi kọ́lẹ́ẹ̀jì fi bọ́ sí ìparí pátápátá.

"Tíṣà, abọ́ ni mò ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́," Analiza ní. "Ìwé yìí á pọ̀ jù fún mi."

"Kò ní pọ̀ jù. Ṣé ìwọ nìkan ló ń fi ojú oorun kàwé nílùú yìí ni?"

Lóòótọ́, ojú Tíṣà fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, yunifásítì tó wà ní òdìkejì afárá ló máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ni níbi méjì pọ̀ ní San Rafael.

Nígbà tí telọ̀ wá wọn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹ̀wù dúdú, Tíṣà dúró ti Analiza. Bí wọ́n ti wọn ọmọ náà tán, òun náà na apá.

"Ẹ kúkú wọn tèmi mọ́ ọn."

"Telọ̀, ẹ rán an kó fẹ̀ o," Dindo ní. "Ìrẹsì Tíṣà ti ń pọ̀ jù."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún," Tíṣà dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ nǹkan kan sí telọ̀ létí, telọ̀ sì mi orí pé òun gbọ́.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n dá ìwé Analiza padà láti ọ́fíìsì àkọsílẹ̀. Manong Berto, olórí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja Talisayon, tí ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò fọwọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọn ò ní gba orúkọ àwọn tó fẹ́ gboyè mọ́. Wọn kì í gba àwòrán orí fóònù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀, ilé iṣẹ́ tó sì ti gba Analiza ò ní dúró dè é.

"Ẹ fi rán awakọ̀ ojú omi," Dindo ní.

"Manong Berto? Kì í fọwọ́ sí ohun tí wọn ò bá là yé e," Tíṣà ní.

"Èmi máa lọ lọ́la," Analiza ní. "Màá tún fojú kan ìyá mi."

"Lọ síbo? Lórí omi? Ìwọ tó kù díẹ̀ kó o gboyè?"

"Tíṣà, etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Ṣé afẹ́fẹ́ kékeré yìí náà lẹ ń sá fún?"

"Tó o bá fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ yẹn, má pè mí ní Tíṣà mọ́."

Ẹ̀rù ń bà á gidi. Ó gba ìwé náà, ó dì í sínú ọ̀rá, ó so ọ̀rá náà le.

"Èmi ni màá lọ. Ìwọ, jókòó síbí."

"Afẹ́fẹ́ àríwá ń le sí i o, Tíṣà," Dindo ní.

"Ṣé èmi ló ń wá ni? Àwọn ọmọ yìí ló ń wá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó pè láti Talisayon. Manong Berto ti fọwọ́ sí i, ìyá Analiza sì ti di ẹja gbígbẹ fún un. Analiza lọ dúró dè é ní èbúté. Igbi wá ga, oparun tó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé Tíṣà bọ̀ mú ṣẹ́ lójú agbami, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Àwọn apẹja kó èèyàn bọ̀ láàyè, wọ́n kó òkú bọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rá náà wà nínú aṣọ Tíṣà, omi ò kan ìwé inú rẹ̀. Orúkọ Analiza wọlé ní ọjọ́ Ẹtì.

Níbi àìsùn òkú Tíṣà, wọ́n ń pín kọfí àti búrẹ́dì. Analiza ò fẹnu kan nǹkan kan. "Èmi ni ikú ń wá," ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. "Ikú tèmi ni Tíṣà lọ kú." Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Ìyá rẹ̀ alára di ẹsẹ̀ pósí mú, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún.

Ìgbà yẹn ni telọ̀ wọlé, ó tẹ́ ẹ̀wù dúdú kan sórí pósí náà, ó sì bi Dindo ní ohùn kẹ́lẹ́ bóyá wọ́n ti gbọ́ ní yunifásítì òdìkejì afárá, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ni Tíṣà fúnra rẹ̀ ì bá gboyè níbẹ̀.