Kò-sí-wàhálà àti Ohùn Bàbá Rẹ̀

Àìbìkítà ni àrùn tó ń ṣe ọkùnrin yìí, ìgbéraga ló sì fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá jù ú lọ. Ìkìlọ̀ yòówù kí èèyàn ṣe fún un, èsì kan náà ni: "Kò sí wàhálà!" Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Kò-sí-wàhálà nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé wàhálà náà ní etí.

Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé. Ojú ìyá ti fọ́, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Níbikíbi tó bá sùn sí, á gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán èèyàn sí ìyàwó rẹ̀: ohun tó rí lọ́nà, ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín, bí àárò ilé ṣe ń sọ ọ́. Lójoojúmọ́, bí ìyá bá ti jẹun ọ̀sán tán, á jókòó ti ọkọ rẹ̀, á máa gbọ́ ọ. Ìgbádùn tó kù fún un láyé kò ju ìyẹn lọ.

Kò-sí-wàhálà ra àpótí kékeré kan tí wọ́n fi ń tọ́jú fíìmù, fọ́tò àti ohùn. Díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan bá kọ, èkejì á kọ ọ́. Ó so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, débi pé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, fóònù, àti sípíkà ẹ̀gbẹ́ àga ìyá, gbogbo wọn ló ń rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó da ohùn bàbá rẹ̀ kọ sínú rẹ̀ pátápátá. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ náà dára.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá kí wọn.

"Àwọn kásẹ́ẹ̀tì bàbá wa dà?"

"Mo ti dà wọ́n nù, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó wọn lọ."

Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ lérí. "Ìwọ ọmọ yìí! Ọ̀nà kan ò wọ ọjà o. Bá mi da ẹ̀dà kan kọ, kí n gbé e sílé mi."

"Díìsìkì méjì mà ni! Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ń bẹ. Kò sí wàhálà."

Kò da ẹ̀dà kankan kọ. Ohun tó ṣe ni pé ó ṣí àpótí náà sí ìta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó lè máa wo fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà lè máa bá a wò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ ní páásíwọ́ọ̀dù ń yọ àwọn lẹ́nu, ló bá yọ ọ́ kúrò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwa yìí lanu gbàgà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń ròyìn odò kan tó kún dí ọ̀nà. Lójijì, ohùn náà gé.

"Ọmọ mi, kí ló dé?"

"Kò sí wàhálà, Màmá."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà á. Orúkọ àwọn nǹkan inú àpótí ń pa rẹ́ níṣojú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ohùn bàbá rẹ̀ ń lọ. Ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ìlà ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, tí òun kò kọ: "Ẹ ṣeun tí ẹ ò ti ilẹ̀kùn."

Ó wẹ̀yìn. Ó wo fèrèsé. Ó fa wáyà iná yọ, inú ilé sì pa lọ́lọ́.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni ìyá bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

"Kí wá ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n?"

Ó yọ díìsìkì kejì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Òfìfo ni. Ohun tí ọ̀kan bá kọ, èkejì á kọ ọ́: ìyẹn ló rántí. Ohun tí ọ̀kan bá pa rẹ́, èkejì á pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀: ìyẹn ló gbàgbé. Ó gbé méjèèjì tọ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lọ, wọ́n kàn mi orí ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ó ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé àpótí bàjẹ́, òun ń tún un ṣe. Nígbà tí irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá kò pariwo. Ó na ọwọ́ wá èjìká ọmọ náà kàn.

"Kò burú. Ìwọ lo da gbogbo rẹ̀ kọ. Sọ ọ̀kan fún mi nínú ohun tí bàbá rẹ sọ. Èyíkéyìí tó o bá rántí."

Kò-sí-wàhálà la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ pátá ló kó pamọ́, kò jókòó gbọ́ ẹyọ kan rí.

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ti ń fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ó mọ ìbéèrè tó ń bọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ti rántí ọ̀kan?"

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe fi Kò-sí-wàhálà rẹ́rìn-ín, ẹ yẹ ilé tiyín wò. Ohun tí a kò lè rí rà lọ́jà mọ́, a kì í fi gbogbo rẹ̀ sí ojú kan, a kì í sì í tìtorí pé ọ̀rẹ́ ń wọlé kí a má ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì. Ẹni tó bá kìlọ̀ fún wa kò kórìíra wa. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ká máa gbọ́ àwọn èèyàn wa nígbà tí ohùn wọn ṣì wà nítòsí, torí ohun tó bá wà lọ́kàn ẹni, kò sí olè tó lè wọlé pa á rẹ́.