Màmá Ẹ-Kó-Wọn àti Àwọn Ọmọ Ìkóríta

Obìnrin kan wà tí kò ní àánú ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe olè, kì í ṣe òpùrọ́. Olùkọ́ àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: lójú rẹ̀, ọmọ tí kì í ṣe òun ló bí, ọmọ burúkú ni. Fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí ìkóríta. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Màmá á ti gbé fóònù sétí. "Ọlọ́pàá, wọ́n tún ti dé o. Ẹ wá kó wọn!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Màmá Ẹ-Kó-Wọn nìyẹn.

Ọmọ ìyá aránṣọ ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ mú. Wọ́n ní ó jọ ẹnìkan tí wọ́n ń wá. Ìyá rẹ̀ sáré wá kúnlẹ̀ fún Màmá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìwé kíkà."

"Mo kọ́ ọ, kò gbọ́," ni Màmá wí. "Ọgbà ẹ̀wọ̀n á kọ́ ọ ní èyí tó kù."

Láti ìgbà náà, ọlọ́pàá kì í dúró de ìpè mọ́. Ìkóríta náà ti bàjẹ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí ọkọ̀ wọn má yà síbẹ̀ gbé ọmọ méjì, ọmọ mẹ́ta.

Wọ́dà kan, òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé Màmá. Bó ṣe ń tú bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó mí kanlẹ̀.

"Màámi, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, yàrá kan ṣoṣo ni ti àwọn ọ̀dọ́, ibùsùn sì máa ń ṣófo níbẹ̀. Ó ti di yàrá mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sùn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yí ara padà, gbogbo wọn á jọ yí ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì tíì fojú kan adájọ́."

"Kí ìjọba kọ́ yàrá karùn-ún," ni Màmá dá a lóhùn.

"Màámi, èèyàn ni wọ́n ń kó síbẹ̀ o, kì í ṣe igi ìdáná."

Màmá wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Màmá ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, tó máa ń pè ní "ọkọ mi". Iṣẹ́ fọ́tò ló ń kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń gbé kámẹ́rà ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sì dúró kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìkóríta. Ọkọ̀ ọlọ́pàá yọ. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òun kò sá, nítorí kò ṣẹ̀.

"Ta ló ni kámẹ́rà yìí?"

"Ọ̀gá mi ni, sà."

"Gbogbo olè ló lọ́gàá," ni ọlọ́pàá wí, ó sì tì í sínú ọkọ̀.

Màmá wà lójú fèrèsé. Kò lo awò ojú rẹ̀. Ó rí i pé wọ́n ń ti ọmọ kan wọ ọkọ̀, ó sì pàtẹ́wọ́. Ìyá aránṣọ ló wá kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́, mà. Ọmọ yín ni."

Màmá sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá láìwọ bàtà. "Ọmọ tèmi kì í ṣe ara wọn!"

Ọ̀gá ọlọ́pàá kò tilẹ̀ bínú. "Màmá, bí gbogbo ìyá ṣe ń wí nìyẹn. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún wa pé kò sí ọmọ gidi kan tó ń dúró ní ìkóríta yẹn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oníṣẹ́ fọ́tò tó jẹ́ ọ̀gá ọmọ náà wá jẹ́rìí pé òun ló ni kámẹ́rà; àwọn ọlọ́pàá ní ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n dé kóòtù, adájọ́ lọ ìsinmi. Wọ́n padà lọ, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá. Nígbà tí ọkọ̀ wà, wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó mú un lọ sí ìlú mìíràn. Màmá bẹ wọ́dà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, mà," ni wọ́dà wí. "Àṣẹ kò sí níbẹ̀."

Ní ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìyá aránṣọ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó, mà. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pè wá."

Ó lé ní ọdún kan kí adájọ́ tó sọ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé lọ kọ́ ló jáde. Bó bá ń jẹun, á fi apá yí àwo ká. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á fò dìde. Oníṣẹ́ fọ́tò ní òun mọ̀ pé kò jalè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn oníbàárà òun. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ń yà fún un lọ́nà. Àwọn tó bá pàdé lẹ́wọ̀n nìkan ni kò sá fún un, àwọn ló sì ń bá kiri, títí wọ́n fi jọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan jalè. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.

Àwọn ọlọ́pàá bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ó wà nílé àbí kò sí?"

Ó na apá dí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló jáde láti yàrá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

"Ọkọ mi," ni Màmá pè é.

"Màámi, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ lé wa," ló wí. "Mo mọ̀nà."

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ gbọ́. Ọmọ tó bá ṣìṣe, ẹ pè é, ẹ bá a wí, ẹ fi í sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ṣe sáré fà á lé ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n tí a ń fi ọmọ aláìṣẹ̀ kún, ọ̀daràn ló ń tú jáde, ìdí nìyí tí iye wọn fi ń ga sí i. Ọ̀nà tí a bá sì là fún ọmọ ẹlòmíràn láti gba débẹ̀, kò sí ẹni tó lè dí i mọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ tiwa bá fẹsẹ̀ lé e.