Ẹtu Tó Ṣe Olè Nínú Eré

Orí Ẹtu ni àlọ́ mi balẹ̀ sí, ẹran tí kì í jẹ ju koríko lọ. Ẹ bá mi gbe orin rẹ̀.

Àwọn ẹranko fẹ́ ṣe eré ọdún. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe olè tó ń jí ọmọ Adìyẹ gbé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti sáré gba ipò ọdẹ tó ń gba ọmọ là. Ẹtu ní, "Eré ṣáà ni, màá ṣe olè." Oṣù kan gbáko ló fi kọ́ bí olè ṣe ń yọ́ rìn. Lọ́jọ́ eré, ó dárin, gbogbo ìlú ń gbè é:

Ta ló gbọ́mọ Adìyẹ?
Ẹtu ni, Ẹtu ni.
Ta ló fọ́ egungun rẹ̀ jẹ?
Ẹtu ni, Ẹtu ni.

Wọ́n sunkún, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Ẹtu bá kí ọlọ́mọ, ọlọ́mọ á fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Adìyẹ tó ń lọ sóko kó ọmọ mẹ́fà fún Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀: "Bàbá Ọdẹ, ẹ bá mi ṣọ́ wọn."

Nígbà tó fi máa dé, kò ku ẹyọ kan. Ìlú wọ́ Ẹtu jáde. Ó ń ké, "Koríko ni mò ń jẹ! Eré ni mo ṣe!"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nu ìyẹ́ kúrò lẹ́nu, ó dárin:

Ta ló gbọ́mọ Adìyẹ?
Ẹtu ni, Ẹtu ni.

Ohùn Adìyẹ ló ròkè jù. Wọ́n lé Ẹtu wọgbó, òun ló fi ń sá bí ewé bá mì.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú bá wọn gbè é.